Abọ́ Kan, Ìyá Méjì

Àwọn ènìyàn kan wà tí wọn ò lè rí nǹkan nínú ike kí wọ́n má mì ín létí láti gbọ́ bó ṣe ń dún. Ọ̀kan nínú wọn ni mí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, òfíntótó ni wọ́n ń pè mí nílé wa. Nígbà tí mo dàgbà tán, wọ́n fi ayọjúràn kún un. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀. Ohun tí ojú mi ò bá rí rí, ọwọ́ mi gbọ́dọ̀ kàn án, ohun tí ọwọ́ mi bá sì ti kàn, bí kò bá ṣáà ti jẹ́ májèlé, ẹnu mi yóò tọ́ ọ wò.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló mú súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá wọ Òmù-Àrán, àmọ́ lójú tèmi, nítorí mi ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe, ní yàrá tó kọjú sí títì nínú agboolé bàbá mi, níbi tí mo padà sí lẹ́yìn tí ọkọ mi kú. Bí iná bá ti lọ tí ẹ̀rọ mi dákẹ́, súpámákẹ́ẹ̀tì ni mo máa ń gbà lọ. Igun kan wà lẹ́yìn pátápátá níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì, tí ẹnikẹ́ni kì í dúró sí. Ibẹ̀ ni wọ́n to àwọn oúnjẹ tí a ò mọ ìyá wọn tí a ò mọ bàbá wọn sí: hóró tó kéré bí iyanrìn odò nínú ọ̀rá, wàrà dídì tí kò ní ṣúgà, ohun tó jọ ọkà bàbà tí kì í ṣe ọkà bàbà. Màá di ọ̀rá náà mú, màá fi àtàǹpàkò pa hóró inú rẹ̀ mọ́ ìka bí mo ṣe máa ń dán aṣọ wò, màá sì dá a padà sórí pẹpẹ. Ọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ máa ń wò mí bí ẹni tó ń wo ewúrẹ́ tó dúró ti ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sá sóòrùn. Mi ò ra nǹkan kan rí. Ta ni mo fẹ́ rà á fún? Nínú ilé wa, ẹni tó bá gbé oúnjẹ tí a ò mọ̀ wálé, òun nìkan ni yóò jẹ ẹ́.

Bàbá mi fẹ́ ìyàwó méjì. Èyí àkọ́kọ́ ni gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà. Èkejì ni ìyá tó bí mi, tí wọ́n gbé wá láti Èsìẹ́. Ìyá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, eyín wọn ò pé mọ́, àwọn náà ti di ìyá-ńlá, síbẹ̀ “Ìyàwó” ni Ìyá Àgbà ṣì ń pè wọ́n, àfi bí ẹni pé àná ni wọ́n gbé wọn wọlé. Mi ò ní parọ́ pé wọn ò jà rí. Nígbà tí bàbá mi wà láyé, bí àwọn méjèèjì bá ń jà, ẹni tó ń lọ Èsìẹ́ á dúró gbọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi gbogbo àárọ̀ jà, bó bá di ìrọ̀lẹ́, inú abọ́ kan náà ni wọn yóò ti jẹun. Abọ́ tánganran kan ni, aláwọ̀ ewé, tí etí rẹ̀ ti bó kiri.

Bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ kì í yí padà. Lẹ́yìn ìrun alásárì, kí adìyẹ tó wọlé, Ìyá Àgbà yóò jókòó sórí àpótí, ìyá mi yóò jókòó sórí ẹní. Ìyá Àgbà ni yóò ṣí abọ́, tí yóò wí pé Bìsìmíláì, tí yóò sì kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Láyé, ìyá mi kì í fọwọ́ kan oúnjẹ tí ìyálé wọn kò tíì ṣí. Bó bá ku díẹ̀ nísàlẹ̀, Ìyá Àgbà yóò fà sẹ́yìn, ìyá mi yóò jẹ èyí tó kù, wọn yóò sì fọ abọ́, nítorí àwọn ni wọ́n kéré. Ojoojúmọ́ ayé mi ni mò ń rí i. Mi ò rò ó wò rí, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn kì í ronú sí bó ṣe ń mí.

Òùngbẹ ni àìsàn ìyá mi fi bẹ̀rẹ̀. Wọn yóò mu omi tán, wọn yóò tún bèèrè omi, wọn yóò wá máa jáde lọ tọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Mo gbé wọn lọ sí ọsibítù, wọ́n ní àtọ̀gbẹ ni. Nọ́ọ̀sì tó bá wa sọ̀rọ̀ jẹ́ obìnrin oníwà pẹ̀lẹ́. Ó ní kí ìyá mi máa lo òògùn wọn déédéé, kí wọ́n dín òkèlè kù, kí ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà pọ̀ sí i nínú oúnjẹ wọn, kí wọ́n má sì ṣe lo òògùn náà láìjẹun. Ó tún kọ́ mi ní ohun tí màá ṣe bí ara wọn bá ń gbọ̀n. Gbogbo ohun tó sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n etí a máa gbọ́ èyí tó wù ú. Bí obìnrin náà ṣe ń sọ̀rọ̀, ọkàn mi ti dé igun ẹ̀yìn súpámákẹ́ẹ̀tì. Àbúrò mi obìnrin tó wà l’Ékòó tún pè mí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to gbogbo oúnjẹ tí wọ́n ń polówó lórí fóònù rẹ̀ fún mi. Mo ní kó má wulẹ̀ dààmú, pé mo mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà lórí pẹpẹ. Ẹ̀rù ń bà mí nítorí ìyá mi. Inú mi tún ń dùn pé mo ti rí ẹni tí màá rà wọ́n fún. Méjèèjì jọ wà nínú mi lọ́jọ́ náà, mi ò mọ èwo ló pọ̀ jù.

Bí a ṣe ń ti ọsibítù bọ̀, mo ní kí oníkẹ̀kẹ́ dúró. Mo ra òòtì, èyí tó jọ ọkà bàbà yẹn, mo ra hóró dúdú wínníwínní kan tí wọ́n ń pè ní ṣíà. Mi ò fẹ́ kó ọ̀rá méjì dání, mo bá tì wọ́n bọ inú ọ̀rá tí wọ́n kó òògùn ìyá mi sí. Nígbà tí a délé, Ìyá Àgbà jókòó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò mí bí mo ṣe ń tú ẹrù sílẹ̀: káàdì ọsibítù, òògùn funfun, òòtì, òògùn pupa, ṣíà. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù kan náà, mo sì wọ ilé ìdáná lọ bí ìyàwó tuntun.

Mo lọ òòtì náà kúnná, mo rò ó lórí iná bí ẹni ń ro àmàlà. Kò ṣe bí àmàlà. Ó ń lẹ̀ mọ́ ọmọ orógùn, ó ń fà, ó ń bínú sí mi. Mo bomi sí i, ó rọ̀ jù. Mo bu ìyẹ̀fun kún un, ó le padà. Nígbà tó yá, ó gbà fún mi. Mo bu díẹ̀ sẹ́nu láìfi ọbẹ̀ kàn án. Ó ní òórùn èèrí ọkà, ó sì ní adùn kan tó pẹ́ kó tó dé, tó jọ ti ẹ̀pà tí kò tíì gbẹ. Mo dúró síbẹ̀, mo ń jẹ ẹ́ lẹ́nu, mo ń ronú ilẹ̀ ibi tí wọ́n ti gbìn ín, bóyá òjò ibẹ̀ dà bíi tiwa.

Mo bu ti ìyá mi sínú àwo funfun tuntun kan. Ìyá Àgbà, èbà ni mo tẹ̀ fún wọn, sínú abọ́ tánganran. Mo gbé méjèèjì síwájú wọn. Ìyá Àgbà na ọwọ́ sí àwo funfun náà láti ṣí i, bí wọ́n ṣe ń ṣe láti ọjọ́ tí mo ti dáyé. Mo rọra di ọwọ́ wọn mú. Mo ní, “Ìyá, ti ìyá mi nìyẹn. Ẹ má fọwọ́ kàn án o, èbà tiyín nìyí.” Tẹ̀rín-tẹ̀rín ni mo fi sọ ọ́. Ìyá Àgbà fa ọwọ́ wọn padà, wọ́n gbé e lé orókún. Ìyá mi ń wo àwo náà. Ẹnìkan ń dúró dè mí ní ṣọ́ọ̀bù nítorí bùbá tó fẹ́ wọ̀ lọ sí ìsọmọlórúkọ ní Òwu-Ìsin, mo bá bá tèmi lọ. Nígbà tí mo fi padà dé, àwo funfun ti ṣófo, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti da ojú rẹ̀ délẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo pe Èkó.

Láti ọjọ́ náà ni súpámákẹ́ẹ̀tì ti di ọ̀nà oko mi. Ṣíà ni mo tún gbìyànjú. Mo da omi sí i, mo lọ ká etí aṣọ kan, nígbà tí màá fi padà, ó ti wú, ó ti di ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ nínú ife, ojú dúdú kékeré nínú omi yíyọ̀. Ẹlòmíràn ìbá dà á nù. Èmi rò ó pé ohun tó bá ń yọ̀ báyìí, ará ilá ni, mo bá dà á sínú ọbẹ̀. Ó fà! Ó fà bí ilá tó gbọ́n, kò ní adùn kankan tirẹ̀, ohun tí o bá fi sí i ló máa ń gbà. Mo fi ọbẹ̀ náà jẹ èbà lọ́jọ́ yẹn, mo lá ìka mi.

Kínúwà ló mú mi bínú. Hóró róbótó-róbótó ni, ó rẹwà lójú, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́ ló ń hó. Mo da omi náà nù, mo bu òmíràn, ó tún hó bí ẹni pé mò ń fọ aṣọ. Mo gbé e padà tọ ọkùnrin súpámákẹ́ẹ̀tì lọ, mo sọ fún un níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀ pé ọṣẹ ti dà sínú ọjà rẹ̀. Kò bá mi jà. Ó yí ọ̀rá náà padà, ó ka ẹ̀yìn rẹ̀ fún mi pé bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe máa ń hó, kí a máa fọ̀ ọ́ títí yóò fi dákẹ́ ni. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síwájú nígbà náà. Ẹni tí kò jàre kì í dákẹ́, èmi mọ ara mi. Nígbà tí mo wá sè é, ìrù funfun kékeré kan yọ lára hóró kọ̀ọ̀kan, mo sì pe àwọn ìyá mi méjèèjì kí wọ́n wá wò ó. Ìyá Àgbà wò ó láti òkèèrè. Ìyá mi ní mo kú iṣẹ́.

Wàrà tí kò ní ṣúgà ńkọ́? Ìyá mi gbóòórùn rẹ̀, wọ́n bi mí bóyá obìnrin Fúlàní ló tà á fún mi. Èyí tó kẹ́yìn ni álímọ́ńdì. Nígbà tí mo gé e ní eyín, mo bú sẹ́rìn-ín. Inú èso fúrúùtù tí a máa ń fi òkúta fọ́ lábẹ́ igi nílé ìwé náà ni, àfi pé èyí wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Lójoojúmọ́, àwo funfun ìyá mi ń ṣófo. Èbà Ìyá Àgbà ni kì í tán. Láràárọ̀ ni mo máa ń bá díẹ̀ nísàlẹ̀ abọ́ tánganran, tó ti le koko, mo sì máa ń ráhùn pé gààrí ti wọ́n. Ìyá Àgbà á máa fa tẹ̀sùbáà wọn.

Èmi tí mò ń fi ojú wọn aṣọ, èmi ni mo kọ́kọ́ rí i pé ìyá mi ń rù. Bùbá tí mo rán fún wọn lọ́dún Iléyá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ kúrò léjìká wọn. Mo gbà á, mo rán an wọnú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì kó lè fún mọ́ wọn lára. Nígbà tó yá, mo tún rán an wọnú. Àbúrò mi ní bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ rere ṣe ń ṣe, pé àwọn èèyàn ń wá ọ̀nà àtirù l’Ékòó. Mo gbà á gbọ́. Mo tilẹ̀ ń fi yangàn fún àwọn oníbàárà mi, mò ń fi ọ̀rá kínúwà hàn wọ́n.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ ohùn Ìyá Àgbà tó ń pè mí. Wọn kì í pè mí bẹ́ẹ̀. Mo bá ìyá mi lórí ẹní, òógùn ti bò wọ́n, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, ojú wọn là sílẹ̀ ṣùgbọ́n wọn ò mọ̀ mí. Ìyá Àgbà gbé orí wọn lé itan, wọ́n ń pè wọ́n, “Ìyàwó, Ìyàwó.” Mo rántí ohun tí nọ́ọ̀sì kọ́ mi, mo po ṣúgà mọ́ omi, mo ń fún wọn mu díẹ̀díẹ̀. Mo da ìdajì sí wọn láyà. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ojú wọn padà. Wọ́n wò mí, wọ́n ní kí ló dé tí mò ń sunkún.

A gbé wọn dé ọsibítù. Nọ́ọ̀sì yẹn náà la bá. Ó ní kí ni wọ́n jẹ ní ìrọ̀lẹ́ àná. Èmi ni mo yára dáhùn, mo ní kínúwà àti ẹ̀fọ́. Kò wo ojú mi. Ó tún bi ìyá mi, lẹ́ẹ̀kan sí i, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìyá mi ń wo ilẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ẹni tó bá ń lo òògùn yìí tí kò jẹun, ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí i nìyẹn. Ó ní, “Bó bá tún ṣe wọ́n báyìí tí kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí, wọ́n lè má jí.”

Ọ̀rọ̀ náà ni mò ń rò títí a fi délé. Wọn ò jẹun báwo? Ta ló ń jẹ oúnjẹ inú àwo, iwin? Mo ní kí n kọ́kọ́ wá nǹkan se fún wọn. Mo mú àwo funfun lórí pẹpẹ, mo gba ẹ̀yìn ilé ìdáná kọjá lọ síbi omi. Àwọn adìyẹ rí mi. Àbí àwo náà ni wọ́n rí. Wọ́n ti abẹ́ àká sáré bọ̀, wọ́n ti ẹ̀yìn ògiri sáré bọ̀, àkùkọ aládùúgbò wa pàápàá fo ọgbà wọlé, gbogbo wọn dúró yí mi ká, wọ́n na ọrùn, wọ́n ń wo ọwọ́ mi. Mo wo ilẹ̀. Hóró kínúwà wà nínú iyẹ̀pẹ̀, tìrù-tìrù. Adìyẹ ilé wa ti sanra, mo sì ti rí i tẹ́lẹ̀, mo rò pé òjò ọdún yẹn ló dáa.

Inú bí mi bí inú kò ṣe bí mi rí. Mo wọlé tọ ìyá mi lọ, mo gbé àwo náà síwájú wọn. Mo ní ṣé wọ́n fẹ́ kú ni. Mo ní gbogbo ìrìn tí mò ń rìn, gbogbo hóró tí mò ń fọ̀, adìyẹ ni mò ń sè é fún. Mo sọ púpọ̀ tí mi ò ní kọ síhìn-ín. Ìyá mi jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

“Ìwọ lo ya abọ́ fún mi,” ni wọ́n sọ. “Nínú ilé yìí, àlejò là ń ya abọ́ fún, àti ẹni tí àrùn rẹ̀ ń ràn. Èmi kì í ṣe àlejò.”

Mo ní àrùn yìí kì í ràn, nọ́ọ̀sì ò sọ bẹ́ẹ̀, ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí a ti ti ọsibítù dé ni ìyálé wọn kò ti ṣí oúnjẹ wọn mọ́. Wọ́n jọ ń jókòó, wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti kan oúnjẹ, Ìyá Àgbà á gbé ojú sí ibòmíràn. “Wọ́n ń bẹ̀rù mi,” ni ìyá mi sọ. “Èbà tiwọn pàápàá, wọn ò ní kí n fọwọ́ sí i. Oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni ò ṣí fún mi, kò lè gba ọ̀nà ọ̀fun mi kọjá. Mo gbìyànjú. Kò lọ ni.” Ó ti ń dun ìyá mi tipẹ́, èmi sì wà nídìí ẹ̀rọ, mò ń rán bùbá wọn wọnú.

Mo dìde, mo kọjá sí yàrá Ìyá Àgbà. Ìbínú mi ò tíì tán, mo kàn gbé e lọ síbòmíràn ni. Wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn, wọn ò sì fà á. Mo bi wọ́n pé kí ni ìyá mi ṣe fún wọn tí wọn ò fi bá ìyá mi jẹun mọ́. Wọ́n wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú.

“Ṣé òògùn kọ́ ni èyí tí ò ń sè fún un?” ni wọ́n bi mí.

Èmi gan-an ni mo mú un jáde látinú ọ̀rá ọsibítù, wọ́n ní, mo kó òun àti òògùn sínú kọ́bọ́ọ̀dù kan náà, ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí kò sì jẹ irú rẹ̀ rí kí àìsàn tó dé. Wọ́n ní níbi tí wọ́n ti tọ́ àwọn dàgbà, a kì í bá aláìsàn tọ́ àgbo rẹ̀ wò. Bí ẹni tí ara rẹ̀ le bá fi ẹnu kàn án, agbára àgbo náà á tẹ̀ lé oníyẹn lọ, ẹni tó wà nílẹ̀ kò sì ní dìde. Nígbà tí wọ́n sì fẹ́ gbàgbé, tí wọ́n na ọwọ́ sí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ta ló di ọwọ́ wọn mú?

“Mo ń ṣẹ́ tiẹ̀ kù sílẹ̀ fún un,” ni Ìyá Àgbà sọ. “Nínú èbà. Bí mo ṣe máa ń ṣe. Ilẹ̀ á mọ́, á ṣì wà níbẹ̀.”

Èbà tó ń le koko láràárọ̀ wá sí mi lọ́kàn, èyí tí mo fi ń kígbe gààrí ọ̀wọ́n. Ojú tì mí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú Ìyá Àgbà, mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kò pẹ́ tí kì í ṣe ẹ̀rín mọ́. Àwọn arúgbó méjì, ọ̀kan kò jẹun nítorí pé ó rò pé ẹnì kejì ń bẹ̀rù òun, èkejì kò fọwọ́ kàn án nítorí pé kò fẹ́ kí ẹnì kejì kú. Èmi tí mo lajú, tí mo ń ka ẹ̀yìn ọ̀rá, ni mo wà láàárín wọn pẹ̀lú àwo funfun. Ìyá Àgbà fi ọwọ́ kan orí mi, wọ́n ní kí n lọ nu imú.

Mo kọ́kọ́ pe nọ́ọ̀sì lórí fóònù. Mo ní ṣé ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ lè jẹ oúnjẹ ẹni tó ní i. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní gbogbo wa ló yẹ kó máa jẹ ẹ́, àti èmi tí mò ń bèèrè, kí ìyá mi ṣáà máa jẹun kí wọ́n tó lo òògùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ro òòtì. Ní báyìí ó ti mọ ọwọ́ mi, kò bá mi fa wàhálà. Mo se ẹ̀fọ́ ṣọkọ tó pọ̀, mo da ẹ̀wà díẹ̀ sí i pẹ̀lú ẹja, mo wá fọ́n ṣíà sí i kó lè fà. Abọ́ tánganran ni mo bu gbogbo rẹ̀ sí. Nígbà tí wọ́n kírun alásárì tán, mo gbé e sáàárín àwọn méjèèjì, mo sì jókòó tì wọ́n. Ṣọ́ọ̀bù lè dúró.

Ìyá Àgbà ń wo abọ́ náà, wọn ò na ọwọ́. Ìyá mi ń wo Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà bi mí bóyá ó dá mi lójú pé bí àwọn bá tọ́ ọ wò, kò ní dín agbára òògùn náà kù. Mo ní kì í ṣe òògùn, oúnjẹ ni, pé ní ìlú òyìnbó, ẹṣin ni wọ́n tilẹ̀ ń fi bọ́.

“Ẹṣin,” ni Ìyá Àgbà sọ. Wọ́n ti rí ẹṣin ọba n’Ílọrin lọ́jọ́ ọdún, wọ́n sì mọ̀ pé ara ẹṣin a máa dán. Wọ́n ṣan ọwọ́. Wọ́n ṣí abọ́. Wọ́n wí pé Bìsìmíláì, wọ́n gé òkèlè kan, wọ́n fi gbá ọbẹ̀, wọ́n fi sẹ́nu.

Wọ́n jẹ ẹ́ pẹ́. Ìyá mi ń wo ọ̀fun wọn. Mo rí i nígbà tó lọ sílẹ̀, ó sì jọ pé kò wù wọ́n kó lọ.

“Kò dùn, Ìyàwó,” ni wọ́n sọ. “Fọwọ́ sí i.”

Ìyá mi fọwọ́ sí i. Wọn ò gbé ojú sókè, wọ́n ń jẹun bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé. Ìyá Àgbà ń bá wọn gé e ní òkèlè kékeré kékeré, wọ́n ń di ojú, wọ́n ń gbé e mì, wọ́n sì ń sọ fún mi láàárín-láàárín pé àánú ẹṣin ń ṣe wọ́n. Nígbà tó ku díẹ̀ nísàlẹ̀, wọ́n fà sẹ́yìn, wọ́n nu ọwọ́. Ìyá mi jẹ èyí tó kù. Wọ́n fi ìka gbá etí abọ́ náà yíká.

Mo na ọwọ́ láti gbé e lọ fọ̀. Ìyá mi gbá ọwọ́ mi sẹ́yìn, kò dùn mí, wọ́n sì gbé abọ́ wọn dìde. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ adìyẹ tó ń sáré lẹ́yìn ilé ìdáná, mo yọjú lójú fèrèsé, ayọjúràn tí mo jẹ́. Gbogbo wọn ti pé yí ìyá mi ká, wọ́n na ọrùn. Omi tí wọ́n fi ṣan abọ́ nìkan ni ìyá mi dà sílẹ̀ fún wọn.